Àpótí Méjì Níwájú, Kò Sí Ọ̀kan Lẹ́yìn

Ìró ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni, ó ń tẹ ewé gbígbẹ wọ́ọ́rọ́wọ́ lẹ́yìn àga mi, nínú pálọ̀ èmi fúnra mi ní Òmù-Àrán, níbi tí kò sí ewé kankan, tí kò sì sí erùpẹ̀, bí kò ṣe táìlì funfun tí Délé ọmọ mi tẹ́ fún mi nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọ̀sán ni, oòrùn ràn, ilẹ̀kùn ìta sì wà ní títì. Ẹsẹ̀ náà rìn díẹ̀, ó dúró, ó tún rìn, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò fẹ́ kí a mọ̀ pé òun ń bọ̀. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Tíì inú ife mi dà sí ara ìró mi, mo sì gbọ́ ohùn ara mi tí ń béèrè pé, "Ta nìyẹn?"

Délé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó ní, "Mọ́mì, fíìmù ni o. Sípíkà ẹ̀yìn ló ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ yẹn."

Ẹ̀rọ tuntun kan ni ó gbé wá fún mi láti Ìlọrin ní àárọ̀ ọjọ́ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀mù tíátà. Sípíkà kan wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, méjì wà lára ògiri lẹ́yìn ibi tí mo máa ń jókòó, àpótí dúdú ràgàjì kan tí wọ́n ń pè ní wúfà sì wà ní kọ̀rọ̀, ó dákẹ́ síbẹ̀ bí ewúrẹ́ tí oyún rẹ̀ ti gbó. Sípíkà méjì àtijọ́ tí mo rà nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, tí mo sì ń fi ìnujú nù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ni ọmọ mi ti tú kúrò, tí ó tò sí ẹnu ọ̀nà bí èrò tí ń dúró de ọkọ̀.

Ó ní, "Ẹ wò ó, Mọ́mì, iwájú nìkan làwọn méjì yẹn ti ń sọ̀rọ̀. Pẹ̀lú èyí, bí òjò bá rọ̀ nínú fíìmù, orí yín ló máa rọ̀ sí. Bí mọ́tò bá ń lọ, ẹ̀gbẹ́ yín ló máa gbà kọjá. Ẹ máa wà nínú ẹ̀ gan-an ni."

Mo dá a lóhùn pé èmi kò fẹ́ wà nínú rẹ̀, pé ìta ni mo fẹ́ wà, kí n máa wò ó.

Tọ́lá, ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó ti wà ní ilé-ìwé girama, yọjú wò mí láti orí àga tìmùtìmù. "Màmá àgbà, ẹ̀rù bà yín, àbí?"

Mo ní, "Ẹ̀rù kì í ba tíṣà. A máa ń kíyè sí nǹkan ni."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, èmi náà sì fi ẹ̀rín gbè é lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí lọ́dọ̀ wọn mọ́. Ìró ewé gbígbẹ yẹn ti mú mi kúrò nínú pálọ̀ mi, ó ti gbé mi padà sí ìlú Ẹ̀sìẹ́ ní àsìkò ọyẹ́ kan, nígbà tí mo wà ní ọmọdé, nígbà tí gbogbo ìlú ń pe orúkọ ọmọ kan láti gbogbo ìhà, tí ọmọ náà gbọ́ gbogbo rẹ̀, tí kò sì jẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ó ka èyí, ẹ ó kọ́kọ́ jẹ́ kí n sọ ti àpótí bàbá mi fún yín, nítorí pé láìsí i, ìtàn náà kò ní parí síbi tí ó parí sí.

Bàbá mi ṣe òwò aṣọ ní Kùmásí, ní ilẹ̀ Gánà, fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó padà sílé, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Bàbá Kùmásí. Nínú ẹrù tí ó kó dé, ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni rédíògíráàmù kan, ẹ̀rọ tí ń kọ orin láti inú àwo, pẹ̀lú àpótí ohùn méjì tí a fi igi dídán ṣe, tí aṣọ olówùú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú wọn. Kò sí iná mànàmáná ní ìlú wa nígbà náà. Bátìrì mọ́tò ni ó ń gbé ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀, bí agbára bátìrì bá sì tán, a óò gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Òmù-Àrán kí ó lè gba agbára tuntun. Ẹni tí ó rù ú gbọ́dọ̀ rìn bí ẹni tí ó ru ẹyin, nítorí omi inú rẹ̀ a máa jẹ aṣọ jẹ ara.

Ọ̀nà tí bàbá mi gbà ń gbọ́ orin ní òfin tirẹ̀. Àpótí méjèèjì gbọ́dọ̀ wà níwájú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí àlàfo sì wà láàárín wọn. Ó fi ẹfun sàmì sí ibi tí olùgbọ́ yóò jókòó sí. Bí o bá jókòó sórí àmì náà, ohun ìyanu kan a máa ṣẹlẹ̀: obìnrin tí ń kọrin a kúrò nínú àpótí méjèèjì, a wá dúró láàárín, níbi tí kò sí nǹkan kan rárá, a sì kọjú sí ọ bí ẹni tí ó wá kí ọ. Bí o bá sún sí ẹ̀gbẹ́, a padà wọ inú àpótí. Ní ìgbà kan, ọ̀rẹ́ bàbá mi dábàá pé kí a gbé àpótí kan sí ẹ̀yìn ilé kí àwọn obìnrin tí ń dáná náà lè gbádùn. Bàbá mi mi orí. Ó ní, "Etí méjì ni Ọlọ́run fún wa kí a lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀, kí a sì kọjú sí i. Ẹni tí ó bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, kò fẹ́ kí o mọ ojú òun."

Àsímáwù ni ọ̀rẹ́ mi. Ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàárín agbo ilé wọn àti tiwa. Àwọn ń kírun, àwa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a sì jọ ń jẹ sààrì wọn àti ìrẹsì Kérésìmesì wa. Ọmọ tín-ín-rín kan ni, ojú rẹ̀ tóbi, ó sì máa ń ronú lórí ohun gbogbo títí yóò fi dé ìdí rẹ̀. Àmì ẹfun bàbá mi ni a máa ń jókòó sí, àwa méjèèjì lórí rẹ̀, èjìká so mọ́ èjìká. Àsímáwù kò gbà pé kò sí ẹnì kankan láàárín àpótí méjì náà. Bí orin bá ń lọ, yóò dìde, yóò na ọwọ́ méjèèjì síwájú, yóò máa fi ìka ya afẹ́fẹ́ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tí ń ya aṣọ ojú fèrèsé, kí ó lè kan ojú obìnrin náà. Nígbà kan ó mú iṣu sísun wá fún un, ó sì fi í pamọ́ sẹ́yìn àpótí, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ẹni tí ó bá ń kọrin láti àárọ̀ kò ní ṣe aláìjẹun. Àwọn èèrà ni ó jẹ ẹ́. Wọ́n sì tò wọ inú àpótí lọ, bàbá mi sì lo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan gbáko láti fi ìyẹ́ adìyẹ lé wọn jáde, ó ń kùn sínú, ó ń bi ara rẹ̀ pé ta ni ó kọ́ èèrà ní orin.

Nísinsìnyí mo ní láti sọ ti ìpè.

Ẹ ti gbọ́ nípa àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́, ọ̀pọ̀ yín ni wọ́n sì ti kó lọ wò wọ́n láti ilé-ìwé. Oríṣiríṣi ìtàn ni a ń sọ nípa bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀. Èyí tí ìyá bàbá mi ń sọ nínú agbo ilé wa ni pé ènìyàn ni wọ́n, àlejò tí wọ́n rin ọ̀nà jíjìn wá, tí wọ́n jókòó láti sinmi. Ohùn kan pè wọ́n. Kò ti iwájú wá, kò ti ẹ̀yìn wá, gbogbo ìhà ni ó ti wá lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n jẹ́ ẹ. Kò sí èyí tí ó kọ́kọ́ wo ojú ẹni tí ń pè. Bí wọ́n ṣe jókòó náà ni wọ́n di òkúta. Nítorí náà, ọmọ agbo ilé wa, àti ti agbo ilé Àsímáwù, kì í jẹ́ ìpè tí kò rí ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá pè ọ́ láti ẹ̀yìn, ìwọ yóò kọ́kọ́ yí padà. Bí o kò bá mọ ìhà tí ohùn ti ń bọ̀, ìwọ yóò jókòó, ìwọ yóò pa ẹnu mọ́, títí ẹni náà yóò fi yọ sí ọ. Kódà bí ó bá jẹ́ ohùn ìyá rẹ. Pàápàá jù lọ bí ó bá jẹ́ ohùn ìyá rẹ.

A fi ẹ̀rù yìí jẹun, a fi sùn. N kò rò pé ó burú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fi kọ́ wa kò rò ó pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn fúnra wọn yóò fẹ́ kí a jẹ́.

Ọyẹ́ ọdún náà le. Ètè gbogbo wa bẹ́, a ń fi òrí pa á. Ní àárọ̀, a kì í rí ilé tí ó dojú kọ tiwa. Ikọ́ dá mi mọ́lẹ̀ lórí ẹní ní ọjọ́ tí Àsímáwù bá àwọn obìnrin agbo ilé wọn lọ ṣẹ́gi ní ìsàlẹ̀ àpáta ńlá tí ó wà lẹ́yìn ìlú. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú fèrèsé, ó ní òun yóò mú àgbálùmọ̀ bọ̀ fún mi bí òun bá rí. Nígbà tí àwọn obìnrin náà di igi wọn tán, kùrukùru ọyẹ́ ti wálẹ̀ bo ọdàn pátápátá. Wọ́n ka ara wọn, wọ́n sì rí i pé Àsímáwù kò sí láàárín wọn.

Ẹ̀rù náà ìbá kéré bí kì í bá ṣe ti iná. Àsìkò tí àwọn ọdẹ ń sun ìgbẹ́ ni, ẹnì kan sì ti ti iná bọ ọdàn ní òdìkejì àpáta, láìmọ̀ pé ọmọ wà níbẹ̀. A kò rí iná náà, ṣùgbọ́n a ń gbọ́ ọ, ó ń ta pàrà pàrà nínú koríko gbígbẹ, èéfín sì ń dara pọ̀ mọ́ kùrukùru débi pé a kò mọ èyí tí ó jẹ́ èyí. Èmi náà ti dìde lórí ẹní. Ìyá mi fi aṣọ dì mí, nítorí n kò gbà láti dúró sílé.

Àwọn ọkùnrin ìlú ṣe ohun tí ọkùnrin tí ó lọ́gbọ́n yóò ṣe: wọ́n pín ara wọn, wọ́n yí àpáta náà ká, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń pe orúkọ rẹ̀ láti ibi tí ó dúró sí. "Àsímáwù o." Láti ìwọ̀ oòrùn. "Àsímáwù o." Láti ọ̀nà odò. Àpáta ń gba ohùn wọn, ó ń sọ ọ́ padà sí wọn, gbohùngbohùn sì pàdé gbohùngbohùn, títí ó fi dà bí ẹni pé ilẹ̀ ni ó ń pe ọmọ náà, tí òfuurufú náà ń pè é. Irun ara mi dìde. Mo mọ ohun tí mo ń gbọ́. Ohùn inú ìtàn ìyá bàbá mi ni.

Wọ́n pè, ìyá rẹ̀ náà sì pè, títí di ẹ̀yìn ìrun àílà ọ̀sán. Kò sí ìdáhùn. Ariwo iná ti súnmọ́ tòsí.

Nígbà náà ni ìyá Àsímáwù, obìnrin jẹ́jẹ́ tí a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ ní agbo ilé, bọ́ síwájú, tí ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní, "Ẹ dákẹ́. Ẹ ránṣẹ́ sí gbogbo wọn kí wọ́n dákẹ́. Ẹ ń lé e wọ inú ihò ni."

Ọkùnrin kan bi í pé, "Ìyá Àsímáwù, ṣé ká wá máa wòran iná ni?"

"Ẹ wòran. Ẹ ṣáà pa ẹnu mọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo ní ohùn tó bá ti gbogbo ìhà wá, kó má jẹ́ ẹ. Kò ní jẹ́. Iná á dé bá a níbẹ̀, kò ní jẹ́." Ó yí padà sí bàbá mi, ó kúnlẹ̀ sínú eruku. "Bàbá Kùmásí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ bá mi gbé obìnrin inú àpótí yín wá. Ibì kan ṣoṣo ló máa ń dúró sí. Ọmọ mi mọ̀ ọ́n."

Bàbá mi ti búra pé eruku ọyẹ́ kò ní kan ẹ̀rọ náà láé. Ó yí padà, ó sì ń sáré, èmi kò sì tíì rí bàbá mi kí ó sáré rí. Àwọn géńdé tẹ̀lé e. Ọ̀kan ru bátìrì pẹ̀lú òṣùká, omi rẹ̀ ta sí i ní ọrùn, kò sì sọ̀ ọ́. Wọ́n tò ó sí etí oko kan tí ó dojú kọ àpáta, bàbá mi sì fi ẹsẹ̀ wọn àlàfo tí ó wà láàárín àpótí méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nílé, bí ẹni tí ó wà nínú yàrá rẹ̀ tí àyè sì gbà á. Ó tọ́ka sí èmi àti ìyá Àsímáwù. "Ẹ jókòó síbẹ̀, láàárín." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ jókòó sí ibi tí kò sí nǹkan kan, níbi tí obìnrin náà máa ń dúró sí.

Ó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo.

N kò lè sọ bí ó ti rí fún yín tán. Gbogbo ìlú dákẹ́. Iná nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀, àti obìnrin náà, ó ń kọrin lápá ọ̀tún mi àti lápá òsì mi, ohùn rẹ̀ sì ń lọ tààrà sínú kùrukùru. Orin náà parí, bàbá mi tún un gbé. Ó tún parí. Ní ìgbà tí ó tẹ̀lé e, bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ̀. Ohùn obìnrin náà ń fà, ó ń wúwo, ó ń di ohùn ọkùnrin. Bàbá mi gbé abẹ́rẹ́ sókè kíá. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ó sinmi. Bí ọmọ náà bá gbọ́ èyí, yóò sá padà." A dúró nínú ìdákẹ́jẹ́ náà. Ìyá Àsímáwù di ọwọ́ mi mú débi pé egungun mi ń dùn mí. Èéfín ti wọ̀ wá lójú, mo sì ń wú ikọ́, mo ń fi aṣọ di ẹnu, nítorí mo ń bẹ̀rù pé ikọ́ mi náà lè jẹ́ ohùn tí yóò dẹ́rù bà á.

Bàbá mi gbé abẹ́rẹ́ lé e lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohùn náà dára, ṣùgbọ́n ó ti kéré.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ ènìyàn lórí ewé gbígbẹ, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó rìn díẹ̀, ó dúró. Ó tún rìn.

Ohun tí ó jáde láti inú kùrukùru kì í ṣe Àsímáwù lójú wa. Eérú ti bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní àwọ̀ òkúta, àwọ̀ àwọn ère náà gan-an, ẹyinjú rẹ̀ nìkan ni ó funfun. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n mú àdá lọ́wọ́ fà sẹ́yìn. Mo rí ọdẹ kan tí ó ń pe ọfọ̀ sínú, ète rẹ̀ ń mì. Èmi náà ìbá sá bí ìyá rẹ̀ kò bá di ọwọ́ mi mú. Ère náà na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń fi ìka ya afẹ́fẹ́ sọ́tùn-ún sósì, bí ẹni tí ń ya aṣọ ojú fèrèsé, ó ń bọ̀ tààrà sáàárín àpótí méjèèjì. Ó kàn mí lójú. Ó fi ọwọ́ wá imú mi àti etí mi. Ó sún sí ẹ̀gbẹ́, ó kan ìyá rẹ̀ lójú, ó di ojú náà mú pẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ó wá dáhùn, ní ohùn kékeré, gbogbo ìpè tí a ti pè é láti àárọ̀. Ó ní, "Mà."

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ti wẹ̀ ẹ́ tán, tí iná sì ti jó ibi tí ó ti jáde kọjá, ó sọ fún mi pé pàlàpálá àpáta ni òun sá sí. Ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láti òkè àti ìsàlẹ̀. Ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti inú òkúta tí ó fẹ̀yìn tì, ó sì kó etí ìró rẹ̀ sẹ́nu, ó ge é jẹ kí òun má baà jẹ́. Mo rí ojú eyín rẹ̀ lára aṣọ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri, ó sì rò pé òun ti ń di òkúta nìyẹn. Mo bi í ohun tí ó mú un gbà pé àpótí bàbá mi kì í ṣe iwin. Ó wò mí bí ẹni tí ń wo òmùgọ̀. Ó ní, "Mo gbọ́ ìgbà tó rẹ obìnrin náà. Ṣé iwin ń lo bátìrì ni?"

Àsímáwù dàgbà, ó fẹ́ oníṣòwò kan, ó sì bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Àbíjàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò a máa mú ìkíni rẹ̀ wá fún mi. Lẹ́yìn náà wọ́n kò mú un wá mọ́. Ẹnì kan sọ fún mi pé ó ti kú, ṣùgbọ́n ẹni náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, n kò sì tíì rí ẹni tí ojú rẹ̀ rí sàréè.

Mo sọ gbogbo èyí fún Délé ní alẹ́ ọjọ́ tí ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé. Ó tẹ́tí, ó gbádùn rẹ̀, ó sì ní, "Mọ́mì, ìtàn dáadáa ni. Àmọ́ kò sí iná, kò sí àpáta nínú pálọ̀ yìí. Ẹ máa mọ́ ọn lára." N kò bá a jiyàn. N kò sọ pé ẹ̀rọ náà kò dára. Bí òjò bá ń rọ̀ nínú fíìmù rẹ̀, mo fẹ́ lọ ká aṣọ. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni ó ń gbé ilé yìí bí wọ́n bá ti padà sí Ìlọrin, ẹ sì mọ irú àkókò tí a wà. Ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbẹ̀ wa fi ń kúrò lóko kí oòrùn tó rẹlẹ̀, àti ìdí tí a kì í ṣílẹ̀kùn kíákíá mọ́. Obìnrin tí ó dá gbé gbọ́dọ̀ mọ ẹsẹ̀ tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ àti èyí tí ó jẹ́ fíìmù.

Ní ọjọ́ kejì, a jókòó, fíìmù ìjà kan ń lọ. Ẹsẹ̀ ń sáré lẹ́yìn mi, ilẹ̀kùn ń pa dé lẹ́yìn mi, àwọn ènìyàn ń pe ara wọn lẹ́yìn mi, mo sì ń sọ fún ọkàn mi pé kí ó mọ́ ọn lára. Mo gbọ́ tí ẹnì kan wí pé, "Màmá." N kò mira. Ó tún wí i, ó súnmọ́ tòsí. Tọ́lá gbọ́ ọ, Délé gbọ́ ọ, kò sí ẹni tí ó wẹ̀yìn. Nígbà náà ni ọwọ́ kan bọ́ sí èjìká mi.

Ìyá Bọ̀sẹ̀ ni, aládùúgbò mi tí ń ta ẹ̀wà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni ó gbà wọlé, Tọ́lá ti gbàgbé láti tì í. Ó ń mí hẹlẹ. Ó ní, "Mo pè, mo pè láti ìta. Mo ti dúró lẹ́yìn yín tipẹ́, tí mò ń wò yín. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Délé. "Ọ̀gá, tó bá jẹ́ pé kì í ṣe èmi ńkọ́?"

Délé pa fíìmù. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà a gbọ́ adìyẹ ní ẹ̀yìnkùlé, a gbọ́ ọ̀kadà kan tí ń lọ sí ọ̀nà ọjà, a sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà. Mo rí ojú ọmọ mi. Ó dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó gun àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tú sípíkà méjì ara ògiri.

Tọ́lá ní, "Dádì, ṣé torí Màmá àgbà ni?"

Ó ní, "Torí gbogbo wa ni."

Sípíkà méjì àtijọ́ ni ó wà níwájú mi nísinsìnyí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, àga mi sì fara ti ògiri pẹ́kípẹ́kí, kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Ìkán ti jẹ àwọn àpótí bàbá mi tipẹ́. Ìlú tí a ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ láti inú kùrukùru ti kún fún ariwo, ẹ̀yin ọmọ sì ń kó ohùn sí etí yín lọ́tùn-ún lósì, tí àwọn tí ẹ kò mọ̀ rí ń pè yín ní orúkọ láti inú fóònù, tí ẹ sì ń jẹ́ wọn kí ẹ tó wẹ̀yìn. N kò lè dá ìyẹn dúró. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ mi láti fún yín ni ìwọ̀nba èyí tí a fi kọ́ mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀rẹ́ mi, tí òun náà sì gbà á là: ẹ wá ojú ẹni tí ń pè yín, ẹ fi ọwọ́ kàn án, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá jẹ́.

Ọyẹ́ tún ti dé. Ní àárọ̀ àná, kí n tó tan ẹ̀rọ rárá, tí kùrukùru ṣì bo ojú fèrèsé, mo gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ mi, orúkọ ìgbà èwe tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n mọ́ ní Òmù-Àrán. Mo mọ ohùn náà, ohùn tí ó ṣèlérí àgbálùmọ̀ fún mi lójú fèrèsé ni. N kò mọ ìhà tí ó ti wá. Mo kó etí ìró mi sẹ́nu, mo ge é jẹ, mo sì kọjú sí àlàfo tí ó wà láàárín àpótí méjèèjì, mo ń dúró dè é kí ó gba iwájú wá.